Ẹ Dín Àpótí Àtíkè Kù, Ṣùgbọ́n Ẹ Yẹ Ti Ìbílẹ̀ Náà Wò

Ẹni tí ó bá ti sun kóró kajú rí ní Bassila tàbí ní Manigri ní ilẹ̀ Benin, tí ó sì fi ọwọ́ lásán fọ́ ọ, mọ ohun tí oje èèpo rẹ̀ ń ṣe fún ènìyàn. Á jó ọwọ́, á bó o, ojú ibẹ̀ á sì dúdú fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹnikẹ́ni kò po kẹ́míkà sí i. Ara igi tí Ọlọ́run dá ni ó ti wá. Nítorí náà, bí ẹni tó ń ta ìpara lọ́jà bá sọ fún yín pé ara igi ni wọ́n ti yọ ọjà òun, pé kò lè ṣe yín ní nǹkan kan, ẹ rántí kajú kí ẹ tó tú owó.

Àṣà kan tó ń gbilẹ̀ láàárín àwọn ọmọbìnrin wa ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Inú mi dùn sí i, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Àpótí àtíkè ti sú wọn. Oríṣi àtíkè mẹ́rin, ìkunètè tí wọn kò lè kà tán, ìpara ojúmọmọ, ìpara alẹ́, ìgò tí wọ́n rà nítorí pé ọ̀rẹ́ rà á: wọ́n ní àwọn fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ dànù kí àwọn padà sí òrí, ọṣẹ dúdú, osùn, lálì àti tìróò tí àwọn ìyá àgbà ń lò. Ó dára. Àmọ́ nínú ohun márùn-ún tí mo kà tán yìí, ọ̀kan wà tí kò yẹ kó sún mọ́ ojú ọmọ ọwọ́ rárá, òmíràn sì wà tí ayédèrú rẹ̀ ń sọ ọwọ́ ìyàwó tuntun di egbò. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú àpótí tí wọ́n fẹ́ dà nù ló burú bí ara wọn. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó léwu jù lè ju ìkunètè tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni síta, kó sì fi májèlé sílẹ̀ sórí pẹpẹ.

Èyí tí ó yẹ kó kọ́kọ́ jáde ni ìpara àti ọṣẹ tó ń bó àwọ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní bojou ní Benin, tí àwọn ará Togo ń pè ní akonti. Ẹ gbé páálí rẹ̀ yẹ̀ wò. Faransé ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà kó pe ọmọ ilé-ìwé kó bá a kà á. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni kó wá: mercure, hydroquinone, clobétasol.

Mercure ni mẹ́kúrì. Ó ń ba kídìnrín jẹ́, ó sì ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ìyá dé ara ọmọ inú. Kì í ṣe ẹni tó fi í para nìkan ló ń jìyà rẹ̀. Ọmọ tó ń sùn mọ́ ọn, ẹni tó ń fi aṣọ ìnura kan náà nu ara, gbogbo wọn lè pín nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń lò ó kì í kọ orúkọ rẹ̀ síta, ṣùgbọ́n àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti tọ́ka sí àmì kan tí ẹnikẹ́ni lè fi dá a mọ̀: bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ọjà náà pé kó má ṣe kan fàdákà, wúrà, rọ́bà tàbí alumíníọ̀mù, ó ṣeé ṣe kí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná. Ohun tí wọ́n ní kó má kan òrùka wa, òun la wá ń fi pa ojú! Àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì, tí Benin wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó tẹ́wọ́ gbà á, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2017. Ní ọdún 2023 ni àwọn orílẹ̀-èdè náà sì fẹnu kò pé bí ọdún 2025 bá ti parí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣe ìpara tó ní mẹ́kúrì mọ́, kí wọ́n má sì tà á láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Ìyẹn dára lórí ìwé. Ẹni tó bá mọ bí Bassila ṣe súnmọ́ ẹnubodè Togo tó, tó sì mọ iye ọjà tó ń gba orí alùpùpù wọlé, mọ̀ pé kì í ṣe ìwé àdéhùn ni yóò yẹ àpò ìpara wò.

Hydroquinone ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Á kọ́kọ́ ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe: àwọ̀ á mọ́, àwọn ènìyàn á máa yìn ín. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú padà, ní pàtàkì lórí eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dúdú yìí kì í ṣe dúdú tí Ọlọ́run fi ṣe wá. Ó dà bí eérú tí wọ́n po mọ́ aró, ó sì le gidigidi láti mú kúrò. Ní ọdún 1975, dókítà kan ní Gúúsù Áfíríkà, G. H. Findlay, ti kọ nípa rẹ̀ lára àwọn obìnrin tó ń bóra níbẹ̀. Ohun tó burú jù ni pé nígbà tí dúdú yìí bá dé, ẹni náà á rò pé ìpara òun ni kò tó, á tún fi kún un. Ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de hydroquinone nínú ìpara àwọ̀ ní ọdún 2001, Côte d'Ivoire fòfin de ìpara abóra ní ọdún 2015, Ghana tẹ̀ lé e ní ọdún 2016.

Ọ̀rọ̀ clobétasol gbẹgẹ́ ju àwọn méjèèjì lọ, nítorí oògùn gidi ni. Dókítà lè kọ ọ́ fún aláìsàn awọ ara pé kó fi pa ojú ibì kan fún ọjọ́ díẹ̀. Kò sí dókítà tó ń kọ ọ́ pé kí ẹnìkan fi pa gbogbo ara láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọdún márùn-ún. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, awọ rẹ̀ á fẹ́lẹ́ bí ìwé, ìlà á là sí itan àti ikùn rẹ̀, irorẹ́ á bo ojú, egbò kékeré kò sì ní tètè jinná. Àwọn oníṣẹ́ abẹ mọ̀ ọ́n dáadáa: awọ tí wọ́n fẹ́ rán á máa ya mọ́ abẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ náà lè tẹ̀ lé e.

Ibí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi clobétasol tàbí irú rẹ̀ pa gbogbo ara fún ìgbà pípẹ́, ẹ má ṣe jù ú sílẹ̀ lójijì nítorí pé ẹ ka ìkìlọ̀ yìí. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ara gbàgbé láti ṣe tirẹ̀. Bí ó bá dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè rẹ ènìyàn dé ibi pé yóò dákú, yóò máa bì, awọ ara náà á sì pọ́n, á máa jó bí iná. Ẹ gbé túùbù yín dání lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ fi han dókítà láìtijú, kí ó bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí. Kò ní yà wọ́n lẹ́nu.

Ó sì ku ohun kan tí mo fẹ́ sọ fún àwọn ọkùnrin. Ẹni tó bá ń yin obìnrin pupa létí ìyàwó rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ obìnrin lójoojúmọ́, kó má ṣe bèèrè ẹni tó ra ìpara náà.

Àtíkè fúnra rẹ̀ kò fa ọ̀rọ̀ gígùn. Ohun tó ń kan ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Màsíkárà, èyí tí wọ́n fi ń kun irun ìpéǹpéjú, kò yẹ kó ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i, nítorí gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bọnú ìgò padà ni ẹ ń gbé kòkòrò àìsàn wọlé. Ní ti àwọn yòókù, ẹ wá àwòrán ìgò kékeré tí ìdérí rẹ̀ ṣí lára páálí: 6M tàbí 12M tó wà nínú rẹ̀ ni iye oṣù tó lè lò lẹ́yìn ṣíṣí. Ẹ má ṣe fi tiyín ya ẹnikẹ́ni. Níbi ìgbéyàwó, búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo lè kan ojú ìyàwó, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti àwọn àbúrò rẹ̀ títí dé orí ọmọ ọdún mẹ́fà. Bí ẹnìkan nínú wọn bá ní àpólò, gbogbo ilé ni yóò pín in. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ojú ṣíṣe lówó, ẹ máa fọ búrọ́ọ̀ṣì yín láàárín ojú kan sí èkejì.

Pọ́dà ọmọdé tí wọ́n fi tálíkì ṣe náà yẹ kó jáde. Ilé iṣẹ́ Johnson & Johnson dáwọ́ títà tirẹ̀ dúró ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ní ọdún 2020, ó sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní gbogbo àgbáyé ní ọdún 2023. Ní oṣù Keje ọdún 2024, àjọ IARC tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO ka tálíkì mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe gan-an kó fa jẹjẹrẹ. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ọwọ́ kò sì nílò ìyẹ̀fun kankan. Ẹ yé gbọn ọ́n sí i lára.

Ohun tó kù, àtíkè kan tó bá àwọ̀ yín mu, ìkunètè kan tàbí méjì tí ọjọ́ wọn kò tíì kọjá, ẹ fi sílẹ̀. Èmi kọ́ ni yóò ní kí obìnrin má ṣe ẹ̀ṣọ́ lọ́jọ́ ọdún. Èyí tí ẹ bá sì yọ, ẹ má fi ta àbúrò lọ́rẹ, ẹ má fún ọmọ tó ń bá yín gbé. Ẹ má sun ìpara tí ẹ fura pé ó ní mẹ́kúrì nínú iná, nítorí èéfín rẹ̀ burú ju ìpara náà lọ. Ẹ má dà á sí ẹ̀bá kànga. Ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ibi tí wọ́n máa kó o sí.

Ó wá ku àwọn tí à ń pè ní ti ìbílẹ̀.

Lálì tòótọ́, ewé ni. Ìyẹ̀fun rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ ewé tàbí ti ewé gbígbẹ, ó ń gba wákàtí púpọ̀ kó tó mú, pípọ́n tàbí àwọ̀ ilẹ̀ pupa ló sì ń fi sílẹ̀ lára. Kì í dúdú kirikiri láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, aró irun ni wọ́n pò mọ́ ọn, èyí tí wọ́n ń pè ní paraphénylènediamine tàbí PPD. Nínú aró irun pàápàá, òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kó ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, wọn kò sì gbà á láyè lórí awọ ara rárá. Nínú lálì dúdú ọjà, kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n. Ó lè gbé ọwọ́ ìyàwó wú, kó lé róro olómi tẹ̀lé gbogbo ọ̀nà tí wọ́n fi iṣẹ́ ọnà náà gbà, kó sì fi àpá sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣe lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ kì í gbàgbé mọ́: lọ́jọ́ tó bá kun irun rẹ̀ ní ogún ọdún sí i, orí àti ojú lè wú. Bí ètè tàbí ọ̀fun bá ń wú, tí mímí sì ń le, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo. Ẹ̀yin ìyá ìyàwó, ẹ sọ fún alálì kó fi ìyẹ̀fun rẹ̀ hàn yín kó tó pò ó.

Ẹ má sì lé lálì fún ọmọ tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Àwọn ọmọ kan wà ní ilẹ̀ wa tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní ohun kan tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD, lálì sì lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, kí ojú wọn pọ́n yòò bí ti ẹni tí ibà pọ́njú bá mú. Ìdí kan náà ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń ní kí ẹ má fi káńfọ̀ sínú aṣọ ọmọ ọwọ́.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Àwọn kan ń fi oje rẹ̀ pa ojú pé yóò mú àbàwọ́n kúrò. Oje ọsàn wẹ́wẹ́ lórí awọ, lẹ́yìn náà oòrùn: awọ á jó, á lé róro, á fi dúdú sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ẹ fi sínú ọbẹ̀. Ọṣẹ dúdú ní tirẹ̀ dára fún ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n eérú ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ó le. Ẹni tí awọ ojú rẹ̀ bá ń gbẹ, tó sì ń ta á lẹ́yìn tó bá wẹ̀, kó dín in kù, kó má sì jẹ́ kó bọ́ sójú.

Òrí ni mo lè fi ọkàn balẹ̀ dúró tì. Èyí kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ ti ìbílẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n. Igi èmì tí òrí ti ń wá wà káàkiri oko ní gbogbo ẹkùn Donga. A kì í sábà gbìn ín. Ẹni tó ń ṣán oko ló ń dá a sí, nítorí ó lè gbà á ní ọdún 15 sí 20 kó tó so dáadáa. Nígbà òjò ni èso rẹ̀ ń bọ́, àwọn obìnrin á jí lọ ṣà á láàárọ̀ kùtù, wọ́n á sè é, wọ́n á sá a, wọ́n á pa á, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi omi pò ó títí apá yóò fi máa ro wọ́n, kí òróró tó yọ lójú omi. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń gbé ní àdúgbò yín. Ẹ lè bá a nílé, ẹ lè rí ìkòkò rẹ̀. Kò sí ìgò kankan nínú àpótí àtíkè tí ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, ohun tó sì yẹ kí ẹ máa fi yan ìpara nìyẹn.

Òrí tó dára máa ń ní òórùn èéfín díẹ̀, kì í kan, ó sì ń yọ́ ní àtẹ́lẹwọ́ nítorí ìgbóná ara tó fún un. Èyí tó bá ti kan, tó ń rùn bí òróró àtijọ́, ẹ má fi para. Ẹ dé e, ẹ má fi ọwọ́ tútù bù ú. Kí ẹ tó fi ohun tuntun kankan pa ojú, ìbáà jẹ́ òrí, àdín àgbọn tàbí osùn, ẹ fi díẹ̀ pa inú ìgúnpá, kí ẹ dúró fún ọjọ́ méjì. Àdín àgbọn pàápàá lè dí ojú ihò awọ, kí irorẹ́ pọ̀ sí i lójú ẹni tó ti ń ní in.

Òrí ní ohun tí kò lè ṣe. Kò lè dá oòrùn dúró tó bó ṣe yẹ. Àfín tó bá gbẹ́kẹ̀ lé òrí láìdé fìlà, láìwọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, láìlo ìpara tó ń dènà oòrùn, jẹjẹrẹ awọ lè mú un. Òrí kì í sì í bó ènìyàn. Gbólóhùn yìí ni kí ẹ mú lọ sọ́jà. Àwọn kan wà tí wọ́n ń po òrí mọ́ túùbù clobétasol, wọ́n á fi lọ́fínńdà sí i, wọ́n á ya àwòrán ewé sára ike, wọ́n á pè é ní àdáyébá. Bí ìpara "ìbílẹ̀" bá sọ ojú yín di pupa láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, òrí kọ́ ló ṣe é.

Mo fi tìróò sí ìkẹyìn nítorí òun ni mo mọ̀ pé yóò dun àwọn ènìyàn jù. Ní ilé Mùsùlùmí púpọ̀, láti Manigri títí dé Kambolé lọ́hùn-ún ní Togo, ojú ẹ̀sìn ni wọ́n fi ń wò ó. Kò sí ẹni tó ń bá ẹ̀sìn jà níhìn-ín. Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ta lọ́jà ní òde òní ni mò ń sọ. Òkúta dúdú tó ń dán náà, òjé ló sábà máa ń kún inú rẹ̀, òjé kan náà tó wà nínú bátìrì ọkọ̀.

Ní ọdún 2011, nílùú Boston ní Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo ọmọ fi hàn pé òjé ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Wọ́n wá ilé náà káàkiri. Tìróò tó wá láti Nàìjíríà, tí àwọn òbí rẹ̀ ń lé fún un, ni wọ́n rí. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ òjé. Àjọ CDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn náà jáde ní ọdún 2012. Ara ọmọ náà dá, kò ṣàìsàn tó hàn sójú, bẹ́ẹ̀ sì ni òjé ṣe ń ṣe: kì í kọ́kọ́ pariwo. Ọmọ á fi ọwọ́ nu ojú, á fi ọwọ́ náà sẹ́nu, òjé á dé inú ọpọlọ, lẹ́yìn ọdún mélòó kan olùkọ́ á ní orí ọmọ náà kò pé. WHO sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ sí aláìléwu. Nígbà tó bá sì pọ̀, ó ń pa ọmọ: ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní Nàìjíríà, ní ọdún 2010, òjé inú eruku ìwakùsà wúrà pa ọmọdé 400, ó kéré tán.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ìyá àgbà, ìfẹ́ ni ẹ fi ń lé tìróò fún ọmọ, kí ojú rẹ̀ lè tóbi, kó sì mọ́lẹ̀. Ojú ọmọ ń dàgbà láìsí i. Ẹ fọ èyí tó wà lójú rẹ̀ lónìí, ẹ kó ìgò rẹ̀ kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó, ẹni tó bá sì ti ń lé e fún ọmọ rẹ̀ láti ìgbà ìkómọ, kó gbé ọmọ náà àti tìróò náà lọ bá dókítà, kó sọ fún un tààrà pé òjé ni òun ń bẹ̀rù.